Aago Bàbá Kùmásí

Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá ti bo Ṣakí, tí àwọn òkè tó yí ìlú ká kò hàn mọ́, ẹni tó jí ní ìdájí lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa bi ara rẹ̀ bóyá òun ti jí tán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí fún Àwáwù ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya ibi tó le jù nínú apá kejì fíìmù Àgbàlá Àlejò. Ó kírun Àsùbá tán, ó gbé igbá kẹ́ńkẹ́ tó ń tà, oúnjẹ àgbàdo àwọn ará Gánà, lérí, ó sì rìn wọ inú kùrukùru lọ sí àgbàlá àtijọ́ tí bàbá bàbá Gbọ́láhàn kọ́ sí ẹ̀yìn ìlú. Ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀ mọ́. Gbọ́láhàn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí fíìmù náà, ti ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun ògiri, wọ́n ti kọ orúkọ òpópónà Kùmásí sára pákó, wọ́n gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Àwáwù sọ igbá kalẹ̀. Ó wo ògiri, ó wo pákó, ó wo kùrukùru tó ń rọra wọ àgbàlá bí èéfín oúnjẹ àárọ̀. Ọkàn rẹ̀ fò lọ.

Kùmásí ni wọ́n bí i sí. Ọmọ kékeré ni, eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni, lọ́dún tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ sí ìlú wọn. Ohun tó rántí kò pọ̀. Ó rántí ìyá rẹ̀ tó ń di kẹ́ńkẹ́ sínú háhá àgbàdo. Ó rántí ohùn àwọn ará Òkè-Ògùn tó kún àgbàlá, tí kálukú ń fi orúkọ ìlú pe ẹnìkejì rẹ̀: "Ará Ìgbẹ́tì, ṣé o ti jẹun?" "Ará Ofiki, gbé adìyẹ rẹ kúrò lórí ẹní mi o!" Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń mì, àpò tí òun fi ṣe ìrọ̀rí, ìràwọ̀ rẹpẹtẹ. Láti ìgbà tó ti bá wọn ṣe apá kìíní fíìmù náà ni kò ti lè yà á sọ́tọ̀ mọ́, èyí tí ojú rẹ̀ rí ní Kùmásí tòótọ́ àti èyí tí Gbọ́láhàn kọ́ ọ pé kó sọ.

Ẹni tí kò bá tíì rí apá kìíní, kó gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀ṣẹ́nì, àgbẹ̀ oníṣu tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Mojeed, òun ló ṣe Bàbá Kùmásí, láńlọ́ọ̀dù ahun tó máa ń ka igi ìsáná tí àwọn ayálégbé rẹ̀ fi dáná. Àwáwù, tí òun náà ti di opó, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sodiqat, ló ṣe Jùmọ̀kẹ́, opó alákẹ́ńkẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, tó gba yàrá kan lọ́wọ́ ahun yìí, tó sì fi oúnjẹ ṣẹ́gun rẹ̀. Àwọn ará Otu rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wọ́n. Àwọn ará Ìgbẹ́tì ń wò ó lórí fóònù títí iná fi tán nínú fóònù. Ìgbéyàwó àwọn méjèèjì ló kẹ́yìn fíìmù náà, ibi ìgbéyàwó yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ sì wà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ya ìgbéyàwó náà, ẹni tó yẹ kó ṣe bàbá ìyàwó kò dé. Ọ̀kadà tó gbé e bọ̀ láti Otu ti kú sójú ọ̀nà. Gbọ́láhàn wò yíká, ó rí Ràmọ́nì, ẹ̀gbọ́n Àwáwù, ọmọ bàbá rẹ̀, tó wá wòran jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jókòó síbí yìí. Ẹ kàn máa sọ pé ẹ fi àbúrò yín fún un."

Ràmọ́nì jókòó. Gbọ́láhàn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣi Kùránì kà nínú fíìmù òun, nítorí náà Alfa Tàjúdéènì fúnra rẹ̀ ni wọ́n pè, Alfa tó ń ṣe lémọ́mù ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò Àwáwù. Nígbà tó kan sàdáákì, ẹ̀bùn tí ọkọ gbọ́dọ̀ fún ìyàwó kí yìgì tó so, kò sẹ́ni tó rántí mú nǹkan kan wá. Ni Ọ̀ṣẹ́nì bá bọ́ aago ọwọ́ ara rẹ̀. "Bàbá Kùmásí kì í fowó sílẹ̀," ló wí, "ẹ gba aago." Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Alfa bi Ràmọ́nì bóyá ó fi àbúrò rẹ̀ fún Ọ̀ṣẹ́nì. Ràmọ́nì ní òun fi fún un. Ọ̀ṣẹ́nì ní òun gbà. Alfa bi Àwáwù, Àwáwù fi ìborùn bojú, ó ní òun gbà. Àdúà gùn, wọ́n ṣe àmín, wọ́n pín obì, wọ́n jẹ ẹ́. Àgbò tí wọ́n so mọ́ òpó wá já, ó kan fìlà Alfa bọ́ lórí, Gbọ́láhàn kò sì yọ ọ́ kúrò nínú fíìmù. Ìyẹn ni gbogbo ayé ń rántí.

Kí Ọlọ́run forí jin Ràmọ́nì. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ló papò dà.

Ṣùgbọ́n aago náà ṣì wà lọ́wọ́ Àwáwù. Nígbà tí iṣẹ́ parí lọ́jọ́ náà, ó nà án sí Ọ̀ṣẹ́nì. Ọ̀ṣẹ́nì kò wo aago, òkè ló ń wò. "Ẹ jẹ́ kó ṣì wà lọ́wọ́ yín ná, Ìyá Sodiqat." Àwáwù so ó mọ́ etí ìró. Láti ọjọ́ náà, bí kò bá sí létí ìró rẹ̀, abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ló wà. Nígbà mìíràn tí oorun bá fẹ́ gbé e lọ, dídún aago náà a máa dà bí ẹni tó ń rìn bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tí kò kánjú, tó sì mọ ilé tó ń bọ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, Ọ̀ṣẹ́nì a yà síbi tí Àwáwù ti ń tajà. A jẹ kẹ́ńkẹ́ méjì pẹ̀lú ata dúdú àti ẹja. A fọwọ́. A wá béèrè pé, "Ìyá Sodiqat, ṣé aago ń rìn?"

"Ó ń rìn, Bàbá Mojeed."

A sì máa lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọn nù un. Àwáwù kò sọ fún ẹ̀dá kankan pé láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni òun ti máa ń ṣa kẹ́ńkẹ́ méjì yẹn sọ́tọ̀.

"Ìyá, ẹ tún ti sùn lójú ṣíṣí!"

Sodiqat ni, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, abiyamọ ọlọ́mọ méjì, tó ń bójú tó aṣọ àwọn òṣèré. Ó gbé aṣọ lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dìde kí ẹ wọ aṣọ yín. Òní ni ọkọ yín máa kọ̀ yín sílẹ̀."

"Ọkọ ta ni?"

"Ọkọ fíìmù kẹ̀! Àbí òmíràn wà tí èmi kò mọ̀?"

Àwáwù ká háhá àgbàdo nílẹ̀, ó sọ ọ́ lù ú. Sodiqat yẹ̀ ẹ́, ó ṣí ìwé eré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ọjọ́ tí àwọn àlejò máa fi Kùmásí sílẹ̀ ni. Jùmọ̀kẹ́ di ẹrù, ó ní ilé ti yá. Bàbá Kùmásí ní òun kò lọ, ta ló máa gbowó ilé? Ó ní bí Jùmọ̀kẹ́ bá fi ẹsẹ̀ kan ìta, òun kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Jùmọ̀kẹ́ fi ẹsẹ̀ kan ìta. Bàbá Kùmásí sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lójú gbogbo àgbàlá.

"Bí ọkọ̀ bá wá gbéra," Sodiqat ní, ẹ̀rín kò jẹ́ kó ríran mọ́, "ó máa yọ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, ó máa gbé e lérí, ó máa sáré tẹ̀lé ọkọ̀: 'Jùmọ̀kẹ́, dúró dè mí! Mo ti kó ilé bọ̀!' Ìyá, ẹ kò rẹ́rìn-ín?"

"Mo ń rẹ́rìn-ín nínú."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Alfa Tàjúdéènì fi yọ láti inú kùrukùru, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ìwé eré ní abíyá. Wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ pé kó tún wá ṣe Alfa nínú apá kejì. Ó kí wọn, ó bèèrè àlàáfíà ọmọ, ó wá juwọ́ sí Àwáwù pé kó bá òun dé abẹ́ igi òrí tó wà lẹ́yìn ògiri.

"Ìyá Sodiqat, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe lónìí?"

"Eré ni, Alfa."

"Èwo ló ń jẹ́ eré?" Alfa wú ikọ́. "Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀, Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, ti kìlọ̀ fún wa pé kò sí ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó fi ṣeré, òótọ́ ló ṣe. Ìyàwó Bàbá Mojeed ni yín."

Àwáwù rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú Alfa, ẹ̀rín náà sì tán lẹ́nu rẹ̀.

"Alfa, inú fíìmù ni."

"Ta ló so yìgì? Ṣé òṣèré ni mí? Ta ló fi yín fọ́kọ? Ẹ̀gbọ́n yín, ọmọ bàbá yín. Ẹlẹ́rìí ńkọ́? Odindi àwùjọ, kámẹ́rà tún wà níbẹ̀! Sàdáákì ńkọ́? Níbo ni aago wà?"

Kí Àwáwù tó ronú, ọwọ́ rẹ̀ ti dé etí ìró. Alfa rí i, ó yíjú kúrò bí ọmọlúwàbí.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ láti ọjọ́ yìí?"

"Mo rò pé ẹ mọ̀ ni! Mo bi yín, ẹ ní ẹ gbà. Ẹ tún bojú. Èmi kò tilẹ̀ gba owó òṣèré lọ́wọ́ Gbọ́láhàn, nǹkan yìgì ni mo gbà. Nígbà tí mo wá rí i pé kálukú yín ṣì wà nílé rẹ̀, mo ní, hẹn, àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n fẹ́ rọra ṣe é." Alfa ṣí ìwé eré. "Ìgbà tí mo ka ibí yìí ni àyà mi já. Mo wọkọ̀ lọ sí Ìséyìn lọ bi olùkọ́ mi. Ó ní àwọn kan lè jiyàn, ṣùgbọ́n lójú tòun, bó bá ti sọ ọ́, ó sọ ọ́ nù un. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sì ni wọ́n kọ síbí. Kò ní sí àtúnṣe."

Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ fẹ́, ewé òrí gbígbẹ kan já bọ́ sí èjìká Àwáwù. Kò gbọ̀n ọ́n.

"Bàbá Mojeed ńkọ́, ṣé ó mọ̀?"

Alfa yí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà kan, ó tún yí òmíràn. "Ẹ bi í fúnra yín. Ṣé kí n ní kí Gbọ́láhàn yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ronú sí i, Alfa. Ẹ ṣeun."

Ó dúró níbẹ̀ nígbà tí Alfa ti wọlé lọ. Bí Alfa bá dá iṣẹ́ dúró, gbogbo Ṣakí ni yóò bèèrè ìdí, wọ́n á sì fi tó Ọ̀ṣẹ́nì létí láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn pé ó ní ìyàwó tí kò wá kiri. Bí òun bá dákẹ́, yóò sọ ọ́, òun yóò sì di ẹni tí ọkọ kọ̀ nílé tí òun kò sùn rí. Bí òun bá sì lọ bá a, tí òun ní, Bàbá Mojeed, báyìí báyìí ni Alfa wí, tó wá rẹ́rìn-ín ńkọ́? Ẹ̀rín Bàbá Kùmásí yẹn, tó ń ti ìsàlẹ̀ ikùn wá. Àwáwù mọ̀ pé òun kò ní lè dìde lábẹ́ ẹ̀rín bẹ́ẹ̀.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí i, bí èèyàn ṣe ń rántí àlá díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tó ti jí. Iṣu tuntun tí wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́dọọdún, tí ẹnikẹ́ni kò sọ pé òun ló gbé e wá. Ìgbà tí ibà dá Ọ̀ṣẹ́nì dùbúlẹ̀ sí ahéré, tí òun fi orí kanlẹ̀ fún un lójú ìrun, tí òun dárúkọ rẹ̀ ṣáájú orúkọ ara òun. Àwọn obìnrin tó ń pè é ní Ìyàwó Bàbá Kùmásí lọ́nà odò, tí òun ń dá wọn lóhùn láìrò ó. "Ìyàwó ni mò ń ṣe láti ọjọ́ yìí," ó sọ ọ́ sínú afẹ́fẹ́. "Mo ń ṣe ìyàwó, n kò mọ̀." Dípò kí ọ̀rọ̀ náà bà á lẹ́rù, ó dùn mọ́ ọn bí omi gbígbóná lọ́jọ́ òtútù. Ìyẹn ló wá bà á lẹ́rù.

Nígbà tó padà wọ àgbàlá, Ọ̀ṣẹ́nì ti dé. Wọ́n ti wọ kóòtù ńlá Bàbá Kùmásí fún un, kóòtù tó gùn dé orúnkún. Ó rí i, ó ṣí fìlà díẹ̀.

"Ìyá Sodiqat, ẹ kú òtútù."

"Ẹ kú òtútù, Bàbá Mojeed. Mo ní…"

"Ẹ ní kí ni?"

Àwáwù tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Mo ní ṣé ẹ ti jẹun?"

"N kò tíì jẹun."

Ó sì ya Àwáwù lẹ́nu, nítorí ojú Ọ̀ṣẹ́nì dàbí ojú ẹni tí kò sùn. Ṣùgbọ́n Gbọ́láhàn ti ń pàtẹ́wọ́ láàárín àgbàlá. "Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ jọ̀ọ́ o! Kùrukùru yìí ni mo gbójú lé. Bí oòrùn bá yọ, òkè á hàn, Kùmásí mi á di Ṣakí mọ́ mi lọ́wọ́!"

Wọ́n tò. Àwọn tó ń ṣe ará àgbàlá di ẹrù wọn, wọ́n dúró káàkiri. Lẹ́yìn kámẹ́rà, àwọn òǹwòran kún ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gbé ìdì aṣọ lé Àwáwù lórí. Ó dúró lẹ́nu ìloro, ìta níwájú rẹ̀, Ọ̀ṣẹ́nì lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó yá o!"

"Jùmọ̀kẹ́!" Ohùn Bàbá Kùmásí mi àgbàlá. "Bí o bá fi ẹsẹ̀ kan ìta, mo…"

Àwáwù fi ẹsẹ̀ kan ìta. Ó di ojú. Ó ń retí ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ bí ẹni tó ń retí omi tútù.

Ọ̀ṣẹ́nì sín. Ó sín, ó tún sín, ó ní eruku ọyẹ́ ni. Gbọ́láhàn ní kò burú, kí wọ́n fún bàbá lómi.

Wọ́n tún un ṣe. Bàbá Kùmásí tún bú ramúramù. Àwáwù tún fi ẹsẹ̀ kan ìta. Lẹ́yìn náà, ohùn kan jáde tí kì í ṣe ohùn láńlọ́ọ̀dù ahun rárá, ohùn jẹ́ẹ́jẹ́, bí ti ẹni tó dá wà lóko:

"Àwáwù Àkànkẹ́,
ọmọ tí wọ́n bí sílẹ̀ àjèjì, tó fi ohùn ilé bàbá rẹ̀ ké.
Àkànkẹ́ tó ń di kẹ́ńkẹ́ bí ẹni ń di ọmọ tuntun,
tí háhá àgbàdo ń rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí òwú.
Ó rìn jìnnà, kò ṣi ọ̀nà.
Ó dákẹ́ pẹ́, kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ.
Àkànkẹ́, òórùn èéfín rẹ ni mo fi ń mọ̀ pé Jímọ̀ ti dé."

"Ẹ dúró, ẹ dúró!" Gbọ́láhàn di orí mú. "Bàbá, kí lèyí? Kì í ṣe Àwáwù ni orúkọ ìyàwó yín!"

"Kí ni orúkọ ìyàwó mi?"

"Jùmọ̀kẹ́ ni!"

"Èmi kò mọ Jùmọ̀kẹ́ kankan," ni Ọ̀ṣẹ́nì wí. Àwọn òǹwòran fi ẹ̀rín pa ara wọn. Ẹnìkan kígbe lẹ́yìn pé, "Bàbá ti darúgbó o, ẹ wá ọkọ mìíràn fún ìyá!" Ọ̀ṣẹ́nì kò rẹ́rìn-ín. Àwáwù, tó ṣì kọjú sí ìta pẹ̀lú ẹrù lórí, ń gbọ́ aago tó ń dún létí ìró rẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé gbogbo àgbàlá ń gbọ́ ọ.

Gbọ́láhàn dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. "Bàbá, mo bẹ̀ yín. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Ẹ sọ ọ́ kí a lọ jẹun. Oòrùn ti fẹ́ yọ."

"Dìde, ọmọ mi. Mo gbọ́."

Ìgbà kẹta. Kùrukùru ti ń fẹ́lẹ́. Àwáwù fi ẹsẹ̀ kan ìta. Ó gbọ́ tí Ọ̀ṣẹ́nì fa èémí sínú, ó gbọ́ tí ó ń rìn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bàtà rẹ̀ nínú yanrìn, láìkánjú. Ó rìn yí i ká, ó dúró níwájú rẹ̀ ní ìta, níbi tí kò sí nínú ìwé pé kó dúró sí. Ó wò ó lójú.

"Ṣé kí n sọ ọ́?" ó bèèrè. Kì í ṣe Bàbá Kùmásí ló bèèrè.

Ọ̀ṣẹ́nì dúró dè é. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan, ó rẹ orí sílẹ̀ díẹ̀, ó ṣí ẹnu.

Àwáwù sọ ẹrù orí rẹ̀ sílẹ̀, ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

"Ìyá!" Sodiqat lọgun. Ó mọ ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó jẹ́ pé òkèèrè ló ti ń kí ọkùnrin, tó máa ń gbé ṣéńjì sórí tábìlì kó má baà kan ọwọ́ oníbàárà. Gbọ́láhàn ti la ẹnu láti ní kí wọ́n dúró, ó pa á dé, ó sì rọra fi ọwọ́ sọ fún ẹni tó di kámẹ́rà mú pé kó máa yà á lọ.

Ọ̀ṣẹ́nì mú ọwọ́ náà kúrò lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀.

"O mọ̀?"

"Alfa ló sọ fún mi láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ó ti pẹ́. Kí fíìmù tó jáde ni mo ti lọ bi Alfa."

"Ẹ wá dákẹ́!"

"N kò dákẹ́. Jímọ̀ wo ni n kò bi ọ́ pé ṣé aago ń rìn?" Ọ̀ṣẹ́nì wo ilẹ̀ bí ọmọdé. "Mo sọ fún ara mi pé, lọ́jọ́ tó bá dá a padà, mo ti mọ̀ pé kò fẹ́. Màá gbà á, màá máa lọ sóko mi. O kò dá a padà. Mo wá ní kí n má kánjú."

"Kí ló wá dé tí ẹ gbà láti ṣe apá kejì, níbi tí wọ́n ti kọ ìkọ̀sílẹ̀ sí?"

"Ta ló ka ìwé? Wọ́n ní ìwọ náà máa wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, mo ní mo gbà. Àná ni Mojeed kà á fún mi délẹ̀. N kò sùn láti àná."

"Alihamudulilahi!" Alfa Tàjúdéènì kígbe láti ìdí ògiri, ó sì rántí pé kámẹ́rà ń wo òun, ó yára tún fìlà dé. Ìgbà náà ni àwọn òǹwòran tú sí ariwo. Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́ fún eré, àwọn àgbà obìnrin tó súnmọ́ ọn tí wọ́n sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ ń fi etí aṣọ nu ojú. Sodiqat jókòó sórí ẹrù àwọn ará Kùmásí, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wí pé, "Mo bi yín o! Mo ní, àbí òmíràn wà tí èmi kò mọ̀?"

"Fíìmù mi ti dára," Gbọ́láhàn ń sọ fún ara rẹ̀, "Ọlọ́run, fíìmù mi ti dára." Ó wá yíjú sí ilẹ̀kùn tí wọ́n ti yọ, tó fara ti ògiri. "Ta ló máa wá gbé ilẹ̀kùn yìí báyìí?"

Oòrùn yọ. Kùrukùru ká kúrò ní àgbàlá bí ẹni ká ẹní ìrun, àwọn òkè sì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ńláńlá, láwọ̀ eérú, níbi tí wọ́n ti wà láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Kùmásí di Ṣakí. Àwáwù wo àwọn òkè náà títí, bó ṣe wò wọ́n lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ láti orí ọkọ̀ akẹ́rù, tó ní, wò ó, ibẹ̀ ni à ń sọ fún ọ láti ọjọ́ yìí. Ó tú etí ìró rẹ̀. Ó mú aago náà jáde, ó fi í sọ́wọ́ ara rẹ̀ níta gbangba. Ó tóbi jù fún un, ó ń yí lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹ̀gbà.

Ọ̀ṣẹ́nì bọ́ kóòtù Bàbá Kùmásí, ó gbé e fún Sodiqat. Ó dúró pẹ̀lú bùbá rẹ̀, kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí.

Àwáwù na ọwọ́ sí igbá tó gbé kalẹ̀ láti ìdájí, tí kẹ́ńkẹ́ ṣì gbóná nínú rẹ̀ lábẹ́ aṣọ.

"Bàbá Mojeed," ó ní, "ẹ bá mi gbé igbá yìí, ká máa lọ sílé."